Páìpù Tí Kò Rùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní Muṣin yìí, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ púlọ́ńbà ṣe é kọ́, ẹ jókòó kí n sọ tẹnu mi. Mi ò ní tàn yín. Ẹni tó bá máa ń gba gbogbo ohun tí wọ́n bá ti sọ fún un gbọ́, kó má wulẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ di sípánà mú títí di ìgbà tí orúnkún mi fi kọ̀, tó ní òun ò kúnlẹ̀ sábẹ́ síǹkì ẹnikẹ́ni mọ́, ìfura ni mo fi ṣiṣẹ́. Inú ògiri ni páìpù ń gbé, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà lọ. Ẹni tó rì í síbẹ̀ lè ti kú. Onílé á wá dúró tì ẹ́ lẹ́yìn, á máa fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí kò mọ̀. Tí o bá gbà á gbọ́, o ti wọ gàù.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi ń ru ẹrù ní Ìdó, nídìí ọkọ̀ ojú irin, ó sì ní ọrùn òun nìkan tí ẹrù ti tẹ̀ wọlé ti tó fún ẹbí wa. Ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Dàúdà, púlọ́ńbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàdúrà, mo di ọmọ iṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa owó, ó tó jẹun, ó sì rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Dàúdà gan-an ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti lọ báyìí, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọkùnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. Kì í nà wá. Ohun tó máa ń ṣe fún wa burú ju ẹgba lọ. Tí o bá so páìpù tán, tí o wá sọ fún un pé o ti parí, á wò ẹ́ títí, á bi ẹ́ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí o bá ní ìwọ ni, á ní òun ò mọ ẹ́. Lẹ́yìn náà á da omi sí i, á fi ọwọ́ gbígbẹ nu ibi tí páìpù ti pàdé páìpù, á wá gbé àtẹ́lẹwọ́ náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ wa ti le jù, kò lè mọ̀ bí omi bá kàn ń rin díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá tutù, wàá tú gbogbo rẹ̀, wàá tún un ṣe lójú onílé, ojú á sì tì ẹ́.

Ó tún kọ́ wa láti máa gbóòórùn páìpù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde nínú ilé máa ń mí. Èyí tó lọ sí ihò ìgbẹ́ ní òórùn tirẹ̀, èyí tó lọ sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé náà ní tirẹ̀, òórùn ẹrẹ̀ àti epo tó ti kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ sábẹ́ síǹkì, kí omi lè dúró nínú rẹ̀ kó sì dínà fún òórùn náà. Ọ̀gá á ní ká tú páìpù kọdọrọ yìí kúrò, ká tẹ imú mọ́ ibi tó ti wọ ògiri, ká sọ ibi tí ihò náà ń lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo bì. Kò bẹ̀ mí. Ó ní kí n nu ẹnu mi kí n tún gbóòórùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó kà sí pàtàkì jù ni búlúù. Búlúù ìfọṣọ lásán ni, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ aṣọ funfun. Kí a tó so síǹkì tuntun mọ́ páìpù tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, dandan ni kí a po búlúù mọ́ omi, kí a dà á sínú páìpù náà, kí ẹnì kan lọ dúró síta níbi tí omi ti yẹ kó jáde. Tí búlúù ò bá jáde níbẹ̀, a ò ní so nǹkan kan. Onílé lè bínú, ó lè ní kí a máa lọ, a máa lọ náà ni. Mo rí i tí Ọ̀gá palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ kúrò nílé olówó kan ní Yaba torí pé ìyàwó ọkùnrin náà ní òun ò fẹ́ kí búlúù kan ògiri òun.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́, páìpù onírin la ń lò. A máa ń fi ọwọ́ gé eyín sí ẹnu rẹ̀, a ó wé òwú mọ́ ọn, a ó fi ọ̀dà kùn ún kí a tó fi sípánà dè é. Nígbà tó yá wọ́n gbé páìpù oníke dé, funfun báláú, tí wọ́n ní gọ́ọ̀mù lásán ló ń mú un. Mi ò gbà á gbọ́. Tí mo bá fi ṣiṣẹ́ sílé ẹnì kan, mo máa ń padà lọ síbẹ̀ bíi pé mo gbàgbé nǹkan, kí n lè fọwọ́ kàn án. Àwọn ara ilé á máa wò mí bíi pé mo fẹ́ jí nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń fi iná lẹ páìpù pọ̀ dé, mo tún fura sí ìyẹn. Ní báyìí àwọn ọmọ ń ki kámẹ́rà bọ inú páìpù, wọ́n ń wò ó lójú fóònù. Ìyẹn dára lóòótọ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ mo ti rí ẹni tó fi kámẹ́rà wo páìpù tí kì í ṣe òun ló yẹ kó wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Sùúrùlérè fún yín, kò tíì pẹ́ rárá, mo kù díẹ̀ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan pè mí lórí fóònù, Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ní omi ń jò lábẹ́ síǹkì òun. Ó kàwé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún àwọn kan ní Yaba, inú ilé ló sì ti máa ń ṣe é. Ilé tó háyà jẹ́ ti àgbàlagbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Bí mo ṣe wọ inú ọgbà, àwọn obìnrin tó ń fa omi nínú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Wàsíù, bi mí pé ta ni mo wá bá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó pòṣé, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ara ti ń fu mí kí n tó kanlẹ̀kùn.

Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wú. Mo wọ abẹ́ síǹkì lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tó fi ń rojọ́ fún mi. Ó ní ọjọ́ Sátidé lòun gbọ́dọ̀ kó jáde. Láti ìgbà tí òun ti dé ilé yẹn ni omi táǹkì ti ń yọ̀, tó ní òórùn fẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn ọmọ inú ọgbà sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Wàsíù, ọmọ kékeré, ti wà ní ọsibítù tí wọ́n ń fa omi sí i lára. Wọ́n ní òun ló ń da nǹkan sínú táǹkì. Ẹ̀rí wọn ni pé kì í mu omi ibẹ̀, méèrúwà tó ń ta omi kiri ló ń bá a gbé jálá omi wá. Ó ní torí pé òun gbóòórùn omi náà lòun ṣe yẹra fún un, pé òun sọ fún wọn, àmọ́ wọ́n ní báwo lòun ṣe tètè mọ̀. Wọ́n tún ní gbogbo ìgbà ló ń ki íápíìsì bọ etí tó ń dá sọ̀rọ̀, a ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbé àwòrán rẹ̀ sí ẹgbẹ́ àdúgbò lórí fóònù pé kí àwọn onílé yòókù ṣọ́ra. Onílé méjì tó lọ bá ti wo ojú rẹ̀, wọ́n ní yàrá ti tán.

Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà fura sí i. Mo rọra ń wo igun kíṣìnì náà bóyá mo máa rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé ara wọn báyẹn, tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn kan kó dé, ó ṣòro kéèyàn má fura.

Mo tú páìpù kọdọrọ náà sílẹ̀, mo tẹ imú mọ́ ẹnu ihò inú ògiri. Kò rùn. Òórùn ọṣẹ wà níbẹ̀, ọbẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ òórùn gọ́tà, ti ẹrẹ̀ yẹn, kò sí. Atẹ́gùn tútù kan ló ń ti inú rẹ̀ bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò omi. Mo gbé etí lé e. Mo da omi díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan mo gbọ́ ọ tó ń kán sínú omi mìíràn, níbi tó jìn, tó sì ń dún padà. Ìdọ̀tí tó yẹ kó lọ sí gọ́tà, inú táǹkì ló ń lọ.

Mo bi ọmọ náà pé ta ló so síǹkì yìí. Ó ní kí òun tó kó wọlé ni Bàbá Tíṣà mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà torí òun wá wo yàrá. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó ga, nígbà tó sì ṣe é tán ó fi ọwọ́ nu páìpù, ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Dàúdà ló ń sọ yìí. Mo ní kò ṣeé ṣe, Ọ̀gá mi kì í so síǹkì láì da búlúù. Mo bi í bóyá ọkùnrin náà da omi aláró kankan. Ó ronú. Ó ní bàbá náà yọ nǹkan kan nínú ọ̀rá lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dàúdà, ṣé irọ́ ni mò ń pa fún ẹ ni? Ilé tí bàbá mi kọ́? Páìpù kíṣìnì ìyá mi nìyẹn." Ni bàbá náà bá dá ọ̀rá padà sápò.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí láàárín wa. Bàbá Tíṣà ju Ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí, òun ló kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀gá níwèé. Olówó Yaba, Ọ̀gá lè palẹ̀ mọ́ kúrò nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn da búlúù lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n ẹni ti fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, bí ẹni ń pe àgbà ní òpùrọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀gá ò lè ṣe é. Èmi náà ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Tí mo bá jáde sí ọgbà lọ pariwo, orúkọ Ọ̀gá á bàjẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó ti fi ṣiṣẹ́ láì ní àbùkù. Tí mo bá pa ẹnu mọ́, ọmọ ọlọ́mọ á kó jáde lọ́jọ́ Sátidé, àwòrán rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e káàkiri. Ọ̀gá ṣì wà láyé nígbà náà, mo pè é lórí fóònù. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìfura ń fojú èèyàn rí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró dè é, ohun tí mo ń rò ni pé ó fẹ́ wá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni. Mo ní bóyá ó fẹ́ rọra yí páìpù náà padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo bá jókòó ti síǹkì náà, mo di sípánà mú, èmi tí ọkùnrin yìí kọ́ níṣẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé. Kò wọlé wá bá mi, èmi ni mo jáde tẹ̀ lé e. Ó lọ bá Bàbá Tíṣà ní ìloro, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó pe gbogbo ará ilé sídìí táǹkì. Ó ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Nígbà tó fa ọ̀rá búlúù yọ, Ìyá Wàsíù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí ni wọ́n tún fẹ́ dà sí omi àwọn. Ọ̀gá ò janpata. Ó tú ọ̀rá náà sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, ó ní kó wò ó dáadáa. Ìyá Wàsíù gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó ní búlúù ìfọṣọ ni. Ọ̀gá ní kí Bùkọ́lá wá dúró láàárín wọn, kí wọ́n máa wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wá gba búlúù náà padà, ó ní kí Bàbá Tíṣà tẹ̀ lé òun lọ sí kíṣìnì kí àwọn lọ dà á sínú páìpù síǹkì.

Èmi ló tan iná fóònù sínú táǹkì. Fún ìgbà díẹ̀ a ò rí nǹkan kan, àwọn obìnrin sì ti ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni búlúù yọ lára ògiri táǹkì, nísàlẹ̀ ìdérí, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣàn wálẹ̀. Nígbà tó kan omi, ó fẹ̀. Ìyá Wàsíù wo ọwọ́ Bùkọ́lá, ó tún wo inú táǹkì.

Bàbá Tíṣà jáde wá wò ó. Ó ní òun ti rántí báyìí, páìpù òjò ni. Nígbà tí òun wà lọ́mọdé, omi òjò láti orí páànù ló máa ń gba ibẹ̀ wọ inú táǹkì. Ẹ̀yìn ilé ni ògiri yẹn wà nígbà náà, kí wọ́n tó fa kíṣìnì dé ibẹ̀, kí wọ́n tó pààrọ̀ páànù. Ó fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun jẹ̀bi. Ọ̀gá Dàúdà ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó kọjú sí àwọn obìnrin náà, ó ní, "Èmi ni mo so ó. Wọ́n sọ fún mi, mo sì gbà láì wò ó. Èmi ni mo da ìdọ̀tí sí omi yín. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan."

Ọkùnrin yẹn, mi ò rí i kó sọ̀rọ̀ tó gùn tó báyẹn fún oníbàárà rí. Ìtìjú mú mi fún ohun tí mo ti ń rò nípa rẹ̀ lábẹ́ síǹkì.

A jọ dí ihò náà pa, a gbẹ́ ọ̀nà tuntun gba ìta lọ sí gọ́tà. Onílé ní kí wọ́n gbọ́n táǹkì gbẹ, kí wọ́n fọ̀ ọ́. A wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá bi mí, láì wo ojú mi, pé nígbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ti gbòmìnira, ṣé mo máa ń yẹ iṣẹ́ òun wò lẹ́yìn òun. Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ni, sà." Ó mi orí. Ó ní kí n yẹ èyí náà wò, ó sì sún sẹ́yìn fún mi.

Wàsíù kúrò ní ọsibítù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá Tíṣà ní kí Bùkọ́lá má lọ mọ́, ó ní kí wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lórí fóònù, wọ́n yọ ọ́, àmọ́ ta ló mọ fóònù tó ti dé. Nígbà tí mo padà lọ wo iṣẹ́ náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu páìpù ni Ìyá Wàsíù kanlẹ̀kùn. Àpò omi inú ọ̀rá ló gbé sórí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Obìnrin tó lè bí ọmọ náà ni, ó wá ń pè é ní ẹ: "Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba èyí mu. Ẹ má bínú sí mi." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ìyá Wàsíù nu ojú ara rẹ̀, ó lọ.

Bùkọ́lá ya àpò náà, ó mú ọ̀kan. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó yí i padà, ó ń tẹ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá omi á yọ. Ó wá rọra sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ níta.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé wọn ò fi nǹkan kan sí i?"

Ó dùn mí, ẹ̀yin ọmọ. Ó dùn mí ju gbogbo ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí lọ. Mo gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò wò ó, mi ò gbóòórùn rẹ̀. Mo fi eyín ya igun rẹ̀, mo mu ún tán lójú rẹ̀. Mo wá mú òmíràn nínú àpò náà, mo nà án sí i.

Ó gbà á, ó ní ẹ ṣé, sà. Ó ṣì dì í mú lọ́wọ́ láì yà á nígbà tí mo kó irinṣẹ́ mi jáde.